Ìgbìmọ̀ Kì í Dìbò Lórí Iye: Ìdáhùn Lórí Àbójútó àti Ìdarí Ìṣirò Ìjọba

Ìbéèrè: "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àbójútó ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń kéde iye èèyàn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè, iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe, àti bí owó ọjà ṣe ń gòkè. Wọ́n ní kí a mú àbá wá lórí bí àbójútó àti ìdarí ibẹ̀ yóò ṣe dára sí i. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi gbogbo agbára lé ọ̀gá àgbà kan ṣoṣo lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní kí ìgbìmọ̀ máa yẹ iye kọ̀ọ̀kan wò, kí ó sì máa dìbò lé e lórí kí wọ́n tó gbé e jáde. Èwo nínú méjèèjì ló tọ́?"

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó dá àbá, nítorí ohun tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í rọrùn láti yí padà lẹ́yìn ọ̀la. Ìdáhùn mi ni pé kò sí èyí tó tọ́ nínú ìmọ̀ràn méjèèjì bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Iye tí wọn yóò gbé jáde, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò jáde gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn oníṣirò àgbà, ìgbìmọ̀ kankan kò sì gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìwádìí tí iye wọ̀nyẹn ti ń jáde ṣe lágbára tó gbọ́dọ̀ máa hàn sí ìgbìmọ̀ nígbà gbogbo, kí ìgbìmọ̀ sì ní àṣẹ láti bi oníṣirò àgbà ní ìbéèrè tó le, kí ó sì gbé ìdáhùn rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn láti kà. Ọ̀pọ̀ ìjọba ló ń da nǹkan méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ra wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìdìbò kọ́kọ́, nítorí orílẹ̀-èdè kan ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, ó sì dùn wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Andreas Georgiou, tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, di olórí ELSTAT, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì. Ìṣòro owó ti gba orílẹ̀-èdè náà kan nígbà náà, ara ohun tó sì mú kí ó le tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó ń yá ìjọba lówó kò lè gba iye tí ìjọba ń kéde gbọ́ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, wọ́n ní iye tí ìnáwó ìjọba yóò fi ju owó tó ń wọlé fún un lọ lọ́dún yẹn kò ní tó ìdá 4 nínú 100 ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà. Kí ọdún tó parí, ó ti lé ní ìdá 12. Nígbà tí Georgiou àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò ọ̀hún tán gẹ́gẹ́ bí òfin European Union ṣe là á sílẹ̀, ó jẹ́ ìdá 15.4. Eurostat, ilé-iṣẹ́ ìṣirò European Union tó ń yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò, gbà á láìfi àríwísí kankan kún un.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ELSTAT fẹ́ kí wọ́n dìbò lórí iye náà kí ó tó lọ sí Eurostat. Georgiou kọ̀, ó ní ìlànà ìṣirò ilẹ̀ Yúróòpù fi ìpinnu bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ olórí ilé-iṣẹ́ nìkan. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ iye náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé kò gbé iye náà síwájú ìgbìmọ̀ fún ìdìbò, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, èyí tí wọ́n ní kò ní lọ ṣe àyàfi tó bá tún dẹ́ṣẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Gíríìsì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2018. Ẹ ronú sí i: iye náà tọ́, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní Yúróòpù sì gbà á, síbẹ̀ ẹni tó ṣe é di ẹlẹ́bi nítorí pé kò jẹ́ kí wọ́n ka ọwọ́ lé òtítọ́ lórí. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni mo ka èyí sí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ òfin ìṣirò gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó burú nínú ìdìbò kò ṣòro láti rí. Bí àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bá ní ìdá 12 ni, tí àwọn kan ní ìdá 15, ìgbìmọ̀ lè fẹnu kò sí ìdá 13 kí àlàáfíà lè wà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun kan nínú ìwé ìnáwó ìjọba tó ń jẹ́ 13. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ lè jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ ìjọba, ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ti yunifásítì, olúkúlùkù wọn sì ní ẹni tó rán an wá. Lẹ́yìn ìdìbò, ẹni tí wọ́n borí yóò jáde lọ sọ pé iye náà kì í ṣe tirẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó ni iye náà tí a lè dì mú bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ọ̀nà ìṣirò, ẹ sọ ọ́ kí iye tó wà: ẹ fọwọ́ sí ìlànà, ẹ fọwọ́ sí kàlẹ́ńdà ọdún tó fi ọjọ́ ìkéde kọ̀ọ̀kan hàn, ẹ pe àwọn onímọ̀ láti òde wá yẹ ọ̀nà ìṣirò wò. Nígbà tí iye bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, ó ti kọjá ti ìgbìmọ̀.

Àwọn tó ní kí a fi ọ̀gá kan sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu lè rò pé mo ti ń tì wọ́n lẹ́yìn. Rárá o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ, nítorí òun ló fi hàn pé ìṣirò lè bàjẹ́ láìsí olóṣèlú kankan tó fọwọ́ kàn án.

Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2007 ló dá UK Statistics Authority sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń ṣe àbójútó ìṣirò ìjọba, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2008. Kò sí lábẹ́ mínísítà kankan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń jíhìn fún. Abẹ́ rẹ̀ ni Office for National Statistics, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba tí wọ́n ń pè ní ONS, wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2017, ONS dáwọ́ àṣà tó jẹ́ kí àwọn mínísítà máa rí iye rẹ̀ kí aráàlú tó rí i dúró. Bí ẹ bá ń wá òmìnira lọ́wọ́ ìṣèlú, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ náà kò lè gbé iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe jáde bó ṣe máa ń ṣe, nítorí pé ìwádìí tí iye náà ti ń wá, tí wọ́n ń pè ní Labour Force Survey, ti rù jù.

Ìwádìí yìí máa ń mú ilé láti orí àkójọ àdírẹ́sì, á sì máa bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta, títí di ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì nínú àwọn ilé tí wọ́n yàn ló ń dáhùn. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó ti já sí ìdá 17.3 nínú 100. Ká ní ilé 1,000 ni wọ́n kàn sí, ilé 173 péré ló dá wọn lóhùn. Àwọn tí kò dáhùn kò sì rí bákan náà pẹ̀lú àwọn tó dáhùn: ẹni tó ń yá ilé gbé tó sì ń kó kiri, ọ̀dọ́ tí kì í gbé ìpè nọ́ńbà tí kò mọ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru tó ń sùn nígbà tí a bá kan ilẹ̀kùn, àwọn ni wọ́n ń sá lọ jù. Àwọn oníṣirò máa ń tún un ṣe nípa jíjẹ́ kí ẹnì kan tó dáhùn dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó jọ ọ́ ní ọjọ́ orí àti àdúgbò. Bí iye àwọn tó dáhùn bá pọ̀, àtúnṣe náà kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ọ̀dọ́ díẹ̀ ní àgbègbè kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì rí iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, iye tí wọn yóò kéde lè fi hàn bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ọ̀dọ́ ti rí iṣẹ́ ní àgbègbè náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ ẹnì kan ni.

Orí irú iye yìí ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ̀ bóyá kí òun gbé èlé owó yíyá sókè tàbí kí òun rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èyí tó kan gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ilé tàbí tó fẹ́ yá owó ṣòwò. Gómìnà báńkì náà, Andrew Bailey, sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣòro ńlá fún àwọn. Ní ọdún 2025, ìjọba àti àjọ náà ní kí Robert Devereux, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, wádìí ohun tó fà á. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ó rí i pé ọ̀nà tí ONS ń gbà pète iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu níbẹ̀ ló mú ọ̀pọ̀ ìṣòro náà wá: àwọn tó wà lókè fẹ́ràn iṣẹ́ tuntun ju ìtọ́jú iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ lọ, wọn kò fẹ́ pinnu ohun tí wọn yóò dá dúró nígbà tí owó kò tó, ìròyìn tí kò dára kò sì tètè wọ̀ wọ́n létí.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín fi ṣe ìpìlẹ̀ àbá rẹ̀. Mo mọ bí ìròyìn búburú ṣe ń rọ̀ bó ṣe ń gòkè nínú ilé-iṣẹ́ ńlá. Alábòójútó tó wà lójú pápá yóò kọ ọ́ pé ní ẹkùn méjì, ilẹ̀kùn kan péré ló ń ṣí nínú mẹ́fà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti ilé dé ilé sì ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Olórí ẹ̀ka yóò sọ ọ́ di pé iye ìdáhùn kò tíì dé ibi tí a fẹ́, àmọ́ ìgbésẹ̀ ti ń lọ lórí rẹ̀. Adarí yóò kọ ọ́ pé ipò náà ṣòro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó dúró. Nígbà tí yóò bá fi dé iwájú ìgbìmọ̀, yóò ti di àmì aláwọ̀ òféèfèé kan nínú tábìlì, láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun àti ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú gbogbo wọn. Olúkúlùkù kàn yọ díẹ̀ kúrò nínú ìrora tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí ó tó gbé e lé ẹni tó kàn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni iye gan-an, láìsí ẹni tó fi àwọ̀ kun ún. Fún ìwádìí pàtàkì kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n fi iye ilé tí wọ́n kàn sí àti iye tó dáhùn hàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà, láàárín ìlú ńlá àti abúlé, àti bí ó ti rí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn kí ẹ lè rí ibi tó dorí kọ. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó ń lọ bi èèyàn léèrè tí wọ́n ní, àti iye ààyè tó ṣófo. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n tún àkójọ àdírẹ́sì ṣe kẹ́yìn, àti ìgbà tí wọ́n yí àkójọ ọjà tí wọ́n fi ń wo bí owó ọjà ṣe ń gòkè padà. Ẹ ní kí wọ́n fi àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí iye tí wọ́n ti kéde hàn, bó ṣe tóbi tó àti ìdí rẹ̀. Kí ẹ sì dá ìlà kan mọ́ ìwádìí kọ̀ọ̀kan ṣáájú: bí ìdáhùn bá já wálẹ̀ kọjá ibi báyìí, oníṣirò àgbà gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ láàárín oṣù kan, kí ìwé náà sì jáde fún gbogbo èèyàn.

Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Kí ìgbìmọ̀ bá àwọn olórí ìwádìí jókòó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, láìsí ọ̀gá wọn níbẹ̀. Kí ẹ pe àwọn tó ń lo iye náà, báńkì àpapọ̀, àwọn olùwádìí, àwọn ìjọba ìbílẹ̀, àwọn oníròyìn tó mọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, nítorí pé àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ fura pé iye kan kò bá ohun tí wọ́n ń rí lójúde mu. Denise Lievesley, onímọ̀ ìṣirò kan, nínú ìwádìí tó ṣe lórí UK Statistics Authority tí ó jáde ní ọdún 2024, dábàá pé kí àpérò ńlá kan máa wáyé ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, níbi tí àwọn tó ń lo ìṣirò yóò ti sọ ohun tí wọ́n nílò. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Mo fara mọ́ àbá náà, àmọ́ ọdún mẹ́ta ti jìnnà jù fún ìwádìí tó ń ṣàìsàn.

Ní ti ìdarí gan-an, àbá Devereux tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù lọ ni pé kí wọ́n pín ipò ọ̀gá àgbà sí méjì. Títí di ìgbà náà, ẹnì kan náà ló jẹ́ oníṣirò àgbà fún gbogbo ìjọba tó tún ń darí ONS, ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀rọ àti ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba àbá náà wọlé, wọ́n sì yan Darren Tierney láti máa darí ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò tó jinlẹ̀ àti ọgbọ́n àtidarí ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sábà pàdé lára ẹnì kan, bí wọ́n bá sì pàdé, wákàtí tó wà nínú ọjọ́ kì í tó méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rù kan. Ẹni tó bá di àpò owó mú ló ń pinnu ìwádìí tí yóò yè àti èyí tí yóò kú, ohunkóhun tí ìwé ìyànsípò ì báà sọ. Bí ẹ bá fẹ́ pín ipò náà sí méjì ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé akọ̀wé àgbà kò lè dín owó ìwádìí pàtàkì kankan kù láìjẹ́ pé oníṣirò àgbà fọwọ́ sí i, àti pé bí wọn kò bá fẹnu kò, kí ọ̀rọ̀ náà wá sí iwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì. Bí ẹ kò bá lè rí ìyẹn gbà, ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ẹ wá fún un ní igbákejì tó lágbára lórí ètò iṣẹ́.

Yíyàn ọ̀gá àti yíyọ ọ̀gá ni ibi tí ìṣèlú máa ń gbà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007, ìjọba Ajẹntínà yọ Graciela Bevacqua, tó ń darí ìṣirò owó ọjà ní INDEC, ilé-iṣẹ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè náà, kúrò ní ipò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, INDEC ń kéde pé ọjà ń gbówó lórí ní nǹkan bí ìdá 10 lọ́dún, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò tiwọn ń rí ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ìtanràn lé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń gbé iye tó yàtọ̀ jáde, títí tí àwọn aṣòfin alátakò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ìpíndọ́gba iye àwọn onímọ̀ náà lórúkọ ara wọn, nítorí pé ìjọba kò lè fọwọ́ kan aṣòfin. Ní oṣù kejì ọdún 2013, IMF bá Ajẹntínà wí ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n tó mú ìbáwí náà kúrò, lẹ́yìn tí ìjọba tuntun ti tún INDEC ṣe. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ rò pé orílẹ̀-èdè tí ètò rẹ̀ lágbára kò lè ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump lé Erika McEntarfer, tó jẹ́ olórí Bureau of Labor Statistics ní Amẹ́ríkà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà tí ilé-iṣẹ́ náà kéde pé iṣẹ́ tí wọ́n ti sọ pé ó wọlé ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà dín ní 258,000. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ wọn: bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó pẹ́ dáhùn bá ti dáhùn tán, iye á yí padà. McEntarfer ní sáà ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n sáà náà kò dáàbò bò ó.

Kánádà ni mo fẹ́ kí ẹ wò fún àtúnṣe. Ní ọdún 2010, ìjọba ibẹ̀ pinnu pé kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn aráàlú láti dáhùn ìwé ìbéèrè gígùn inú ètò ìkànìyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mínísítà wá dà bí ẹni pé oníṣirò àgbà, Munir Sheikh, fọwọ́ sí i, Sheikh kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ìwádìí tí kò jẹ́ dandan kò lè rọ́pò ètò ìkànìyàn. Ohun tó sọ ṣẹ. Ìdáhùn já láti ìdá 93.5 nínú 100 ní ọdún 2006 sí ìdá 68.6 ní ọdún 2011, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìlú àti abúlé orílẹ̀-èdè náà kò sì rí iye tiwọn kà nítorí pé àwọn tó dáhùn níbẹ̀ kéré jù. Wọ́n dá ìwé ìbéèrè tó jẹ́ dandan náà padà fún ọdún 2016. Ní ọdún 2017, wọ́n tún òfin ṣe: oníṣirò àgbà ní sáà tí kò ju ọdún márùn-ún lọ tó ṣeé tún ṣe, wọn kò sì lè yọ ọ́ láìsí ìdí tó ṣe gúnmọ́, òun ló ni ìpinnu lórí ọ̀nà ìṣirò, bí mínísítà bá sì fẹ́ pàṣẹ fún un lórí ètò ìṣirò kan, oníṣirò àgbà lè ní kí ó kọ àṣẹ náà sílẹ̀, kí ó sì di ohun tí gbogbo èèyàn lè rí.

Ohun tó kẹ́yìn yẹn ni mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú òfin náà. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba tí aráàlú yàn, nítorí pé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun fẹ́ ìwádìí yìí tàbí pé òun kò ní owó fún tọ̀hún. Ohun tó ṣe ni pé ó fòpin sí ìpè orí fóònù tí kò ní ẹ̀rí. Bí mínísítà bá ń fẹ́ nǹkan, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí aráàlú sì mọ̀ pé òun ló ni ín. Nínú àbá yín, ẹ fi ọjọ́ tí sáà oníṣirò àgbà yóò parí sí ibi tó jìnnà sí ọdún ìdìbò, kí ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni náà sì ní onímọ̀ ìṣirò tó ju ẹyọ kan lọ nínú, kí wọ́n sì kéde orúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti bi wọ́n ní ìbéèrè ní gbangba.

Ta ni yóò wá ṣọ́ ẹ̀yin fúnra yín? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ méjì sọ́wọ́ àjọ kan: òun ni ìgbìmọ̀ tó ń darí ONS, òun náà ló ń ṣe ìdájọ́ bóyá ìṣirò ONS dára tó. Láti ọdún 2016, wọ́n dá Office for Statistics Regulation sílẹ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ ìdájọ́ náà lọ́tọ̀, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Òun ló yọ àmì tó ń fi hàn pé ìṣirò kúnjú òṣùwọ̀n kúrò lára Labour Force Survey. Síbẹ̀ inú ilé kan náà ni wọ́n wà, ọ̀bẹ kì í sì mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ òfin tuntun, ẹ ya ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń darí, ní owó àti ní ìjíhìn, kí olùdájọ́ náà sì máa jábọ̀ tààrà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí òfin bá ti wà tí kò sì ṣeé yí padà báyìí, ẹ yan àwọn tí kò ní ọwọ́ nínú ìdarí ilé-iṣẹ́ náà láti gbọ́ ìjábọ̀ rẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni rírí iye ṣáájú. Bí mínísítà bá ń rí iye ní ọjọ́ kan ṣáájú aráàlú, kò sí ohun tí oníṣirò àgbà lè ṣe tí àwọn èèyàn kò fi ní rò pé wọ́n ti fọwọ́ tún un ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fòpin sí i, tàbí kí ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó rí i lákọsílẹ̀.

Èkejì ni àwọn oníṣirò tó wà káàkiri ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn, ní ètò ìlera, ẹ̀kọ́, owó orí, ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ iye tí ìjọba ń kéde kì í ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìṣirò àgbà jáde rárá. Inú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ṣe é, lábẹ́ mínísítà tí iye náà lè yìn tàbí kí ó bù kù. Ẹni tó bá ń ṣírò iye àwọn aláìsàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ń gba owó oṣù àti ìgbéga lọ́wọ́ àwọn tí iye náà yóò dójú tì bí ó bá pọ̀. Bí ẹ bá fi òmìnira fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ sì fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ lẹ ṣe. Kí olórí oníṣirò inú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jíhìn fún oníṣirò àgbà lórí ọ̀nà ìṣirò àti ọjọ́ ìkéde, kí oníṣirò àgbà ní ọ̀rọ̀ sọ nínú yíyàn wọn àti nínú ìdíyelé iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n sì lè kọ̀wé tààrà sí olùdájọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n dá iye kan dúró. Apá ibí yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba yóò bá yín jà lé lórí jù lọ, nítorí ó gba nǹkan lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi í sí iwájú nínú àbá yín, nígbà tí ìtara ṣì wà, kí ẹ má sì fi ṣe ohun tí wọ́n lè gé kúrò ní òpin.